Bí A Ṣe Ń Kọ Ìrántí Iṣẹ́ Tó Burú Jù Tí A Ṣe Rí

Bí ẹ bá bi àwọn ènìyàn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ léèrè iṣẹ́ tó burú jù tí wọ́n ṣe rí, ọ̀pọ̀ wọn yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọn yóò mi orí, wọn yóò wá sọ ohun kan náà: ọ̀gá rorò, owó kò tó nǹkan, iṣẹ́ náà sì ń tánni lókun. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ kò rí nǹkan kan dì mú, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn bá ẹgbẹ̀rún iṣẹ́ mu. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pàápàá mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ohun tí ojú òun rí ju èyí tí ẹnu òun sọ lọ. Ẹni tó fẹ́ kọ irú ìrántí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, yálà fún àwọn ọmọ rẹ̀, fún àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, tàbí fún ara rẹ̀ nìkan, ni mo kọ ìlànà yìí fún, kí ẹni tó bá ka ohun tó kọ lè mọ bí ọwọ́, ẹ̀yìn àti ọkàn rẹ̀ ṣe rí ní ọjọ́ kan pàtó láàárín iṣẹ́ náà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èwo ló burú jù

Ó lè dà bí ẹni pé kò sí ohun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Iṣẹ́ tó dọ̀tí jù ni wọ́n máa ń mú, torí òun ló ń pa olùgbọ́ lẹ́rìn-ín jù: gbígbẹ́ kòtò ìgbọ̀nsẹ̀, yíyọ ìfun ẹja láti àárọ̀ dalẹ́, kíkó pàǹtírí tó ti rà. Èmi kò gbà pé ìdọ̀tí ló ń sọ iṣẹ́ di búburú. Mo ti bá àwọn tó ń gbẹ́ kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ sọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ wọn yangàn, tí wọ́n mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dúró sí kí afẹ́fẹ́ má bàa fẹ́ òórùn sí wọn nímú, tí ẹnikẹ́ni kò sì jẹ́ jágbe mọ́ wọn, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè bá wọn ṣe é. Mo sì mọ ẹnìkan tó jókòó sínú yàrá tó tutù nini, tó wọ aṣọ tó mọ́ tónítóní, tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé fún odidi ọdún kan lẹ́yìn tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, àyà rẹ̀ ń já nígbàkígbà tí fóònù bá dún. Ìdọ̀tí a máa kúrò lára bí a bá wẹ̀. Iṣẹ́ tó sọ ènìyàn di kékeré lójú ara rẹ̀, tàbí tó ń mú un parọ́ fún ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé e lójoojúmọ́, kì í kúrò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí mo fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ ka gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe láti ìgbà èwe, kí ẹ sì kíyè sí èyí tí ẹ máa ń fò nígbà tí ẹ bá ń sọ ìtàn ara yín fún àlejò. Èyí tí ẹ ń fò yẹn ni kí ẹ kọ. Èyí tí ẹ fi ń pa àlejò lẹ́rìn-ín ti di àlọ́ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ ti gé e, ẹ ti rán an, ẹ ti mọ ibi tí wọn yóò ti rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun púpọ̀ tó kù láti wá nínú rẹ̀ mọ́.

Ọwọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yan iṣẹ́ náà, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá a máa fa ìbínú, bí ìbínú bá sì ti dé, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ nígbà tí inú bá bí wọn ni ẹ ó máa kọ. Ọwọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ibi tó pa rọ́rọ́, ẹ jókòó tàbí kí ẹ dúró bí ẹ ṣe máa ń dúró níbi iṣẹ́, ẹ di ojú, kí ẹ sì jẹ́ kí ọwọ́ yín ṣe iṣẹ́ náà bí ẹni pé irinṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Kí ni ọwọ́ ọ̀tún kọ́kọ́ mú? Kí ni ọwọ́ òsì ń ṣe ní àkókò yẹn? Níbo ló ti ń dunni, ṣé ọrùn ọwọ́ ni, àbí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, àbí ẹ̀yìn ojú? Ojú lè ti ẹni tó bá kọ́kọ́ dán èyí wò, nítorí náà ẹ ti ilẹ̀kùn.

Èmi fúnra mi ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ńlá kan fún oṣù 7 nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 21. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni à ń fọ̀ níbẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nípa iṣẹ́ náà, ohun kan ṣoṣo tí mo máa ń sọ ni pé ooru ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Nígbà tí mo wá dúró, tí mo na ọwọ́ mi méjèèjì síwájú, tí mo sì jẹ́ kí wọ́n máa ṣe bí wọ́n ti ń ṣe nígbà náà, ohun mìíràn ló jáde. Àwa méjì ni à ń dúró sí ẹnu ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí aṣọ bá ti ń yọ láàárín irin gbígbóná, a ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá di etí rẹ̀ mú, a ó fà á kí ó má bàa rún, a ó ká a ní ẹ̀ẹ̀kan, a ó ká a ní ẹ̀ẹ̀kejì, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, a ó sì gbé e lé èyí tó wà níwájú wa kí òmíràn tó yọ. Etí aṣọ, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po tí wọ́n rán an, nípọn ju ara rẹ̀ yòókù lọ. Ooru a máa pẹ́ níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ìka wa ń dì mú. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, awọ orí àtàǹpàkò mi ti le, ó ń dán bí èékánná, n kò sì lè fi ṣí ojú ìwé mọ́ àfi bí mo bá fi ahọ́n kàn án. A kì í sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ náà. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kà á léèwọ̀. Èjìká ẹnìkejì ẹni ni a ní láti máa wò kí a lè mọ ìgbà tí yóò fà.

Bí mo ṣe ń jẹ́ kí ọwọ́ máa wá ohun tó kù, ọwọ́ ọ̀tún mi gbé nǹkan kan tó wúwo, ibẹ̀ sì ni mo ti dé ohun tí mo ń sá fún. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni, èyí tí wọ́n so mọ́ igi kan kí ẹnikẹ́ni má bàa gbàgbé rẹ̀ sápò lọ sílé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń fi í kọ́ sí ni ìwé ńlá kan wà tí wọ́n fi rúlà fà sí ọ̀nà mẹ́ta: orúkọ, àkókò tí a jáde, àkókò tí a padà. Ní ọjọ́ Ẹtì, kí a tó gba owó, alábòójútó wa a máa ka iye ìṣẹ́jú tí olúkúlùkù lò sí etí gbogbo wa. Màmá kan wà láàárín wa tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó ti ìyá mi. Ìṣẹ́jú tirẹ̀ ló máa ń pọ̀ jù, orúkọ tirẹ̀ sì ni wọ́n máa ń fi kásẹ̀ ìwé náà nílẹ̀. Nígbà tó yá, màmá kò mu omi mọ́ láti àárọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́, nínú ooru yẹn. Èmi náà wà lára àwọn tó máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ka ti màmá. Ìwé yẹn ló sọ iṣẹ́ náà di búburú, kì í ṣe ooru, ọdún 19 sì ti kọjá kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo ń fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé nínú gbogbo iṣẹ́ tó burú, ohun kékeré kan wà tó ru gbogbo ẹrù náà, ọwọ́ ló sì máa ń mọ ibi tó wà. Ẹnìkan sọ fún mi pé ti òun ni ohun ìgbọ́rọ̀ tí wọ́n ń gbé kọ́ etí, èyí tí tìmùtìmù rẹ̀ ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti etí ẹni tó ṣiṣẹ́ alẹ́. Ti ẹlòmíràn ni àga kan tí wọ́n gbé kúrò lẹ́yìn káńtà kí ẹnikẹ́ni má bàa jókòó, tí àmì ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà nílẹ̀ síbẹ̀. Bí ọwọ́ kò bá mú nǹkan kan jáde, ẹ ya àwòrán ibi iṣẹ́ náà sórí ìwé, bó ti wù kó rí wúruwùru tó: ilẹ̀kùn, fèrèsé bí ó bá wà, ibi tí aago wà, ibi tí ọ̀gá ń dúró sí, ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà kí ó má bàa rí yín. Ìbéèrè kan tún wà tí kì í jáni kulẹ̀: kí ni ẹ máa ń ṣe ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó wọlé? Ọ̀pọ̀ ni kì í rántí nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà mọ́, tó jẹ́ pé wọ́n ṣì rántí ibi tí wọ́n ti ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń sọ fún ẹsẹ̀ wọn pé kí ó máa lọ.

Ìrántí a máa ṣinilọ́nà

Ẹni tó ń kọ ohun tó ti pẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé orí ènìyàn kì í ṣe àpótí tí a to nǹkan sí, tí a ó kàn ṣí kí a rí i bí a ṣe fi í sílẹ̀. Nígbà tí Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó ń ṣèwádìí nípa ọkàn, fi ara rẹ̀ dán ìgbàgbé wò, tí ó ń há àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ sórí tí ó sì ń wo iye tí yóò ṣẹ́ kù, ohun tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1885 ni pé ìgbàgbé a máa yára gan-an ní wákàtí àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa rọra lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ búburú náà lọ́wọ́, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ẹ bá kúrò. Ẹ kọ ìlà mẹ́rin sílẹ̀ lálẹ́ òní, kí oorun tó gbé yín. Kò pọn dandan kí ó dára. Kí ó sáà ti wà.

Fún àwa tí tiwa ti pẹ́, ewu méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́ ni pé góńgó ìrora àti òpin rẹ̀ ni ọkàn máa ń fi ṣe ìdájọ́ ohun tó kọjá, kì í ka bó ṣe pẹ́ tó sí. Daniel Kahneman, onímọ̀ nípa bí ọkàn ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn ní ọdún 1993. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn ki ọwọ́ kan bọ inú omi tutù tó wà ní ìwọ̀n 14 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú kan. Wọ́n tún ní kí wọ́n ki ọwọ́ kejì bọ inú irú omi kan náà fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n sì fi ìdajì ìṣẹ́jú kún un, nígbà tí omi náà ń rọra lọ sókè dé ìwọ̀n 15, èyí tó ṣì tutù tó láti dunni. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè èyí tí wọn yóò fẹ́ tún ṣe, èyí tó gùn jù ni ọ̀pọ̀ wọn mú, nítorí pé òpin rẹ̀ tù wọ́n díẹ̀. Ìyẹn ló ń mú kí ẹni tó lo ọdún mẹ́ta níbi iṣẹ́ kan máa sọ̀rọ̀ ọjọ́ méjì péré: ọjọ́ tí ìjà ńlá ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tó kúrò. Bí wọ́n bá sì ṣe ayẹyẹ ìdágbére fún un, ó lè máa sọ pé iṣẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Láti yẹra fún èyí, ẹ fi agbára wá ọjọ́ kan tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ṣáá, láàárín oṣù, láàárín ọdún, láti ìgbà tí ẹ dé títí di ìgbà tí ẹ ṣíwọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà.

Ewu kejì wà nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ń fi sí wa lẹ́nu. Ní ọdún 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer, àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìrántí, fi fíìmù ọkọ̀ tó forí gbárí han àwọn ènìyàn. Wọ́n bi àwọn kan bí ọkọ̀ náà ṣe ń sáré tó nígbà tí wọ́n kọlu ara wọn. Wọ́n bi àwọn mìíràn bí wọ́n ṣe ń sáré tó nígbà tí wọ́n fọ́ ara wọn yángá. Àwọn tó gbọ́ 'fọ́ yángá' sọ pé eré náà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí wọ́n tún bi wọ́n bóyá wọ́n rí dígí tó fọ́, 16 nínú àwọn 50 tó gbọ́ 'fọ́ yángá' ní àwọn rí i. 7 ni nínú àwọn 50 tó gbọ́ 'kọlu'. Kò sí dígí kankan tó fọ́ nínú fíìmù náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìbéèrè ló fọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ kọ ti yín tán kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí bí òun bá kọ́kọ́ sọ pé 'ọ̀dájú gbáà ni ọkùnrin yẹn,' gbogbo ohun tí ẹ bá rántí lẹ́yìn náà ni yóò ní ojú ọ̀dájú.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ ọ́, ẹ wá ẹ̀rí lọ: ìwé owó oṣù àtijọ́, ìwé tó ní àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí olúkúlùkù yóò wọṣẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ará ilé pé ẹ ó pẹ́ dé, fọ́tò tí ẹ yà nítorí nǹkan mìíràn tí ibi iṣẹ́ sì fara hàn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà náà ni kí ẹ wá ẹnìkejì lọ. Nínú ohun tí mo kọ́kọ́ kọ, igi tí wọ́n so mọ́ kọ́kọ́rọ́ gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, ìtìjú ńlá ni láti gbé e kọjá láàárín àwọn ènìyàn. Ẹni tí a jọ máa ń dúró lẹ́nu ẹ̀rọ ka ibẹ̀, ó ní rárá o, igi náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, òun sì rántí dáadáa torí òun máa ń fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ iṣẹ́ òun. A bá ara wa jiyàn títí. Mo wá kọ méjèèjì sílẹ̀, mo kọ pé ó wúwo lọ́wọ́ mi tó bẹ́ẹ̀, mo sì kọ pé ẹni tó wà níbẹ̀ sọ pé ó kéré. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má ṣe pa ọ̀kan rẹ́ nítorí kí ìtàn lè gún.

Òǹkà, ọ̀gá, àti ẹ̀bi tiwa

Ẹ jẹ́ kí òǹkà ṣe iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ rán ọ̀rọ̀ ìbínú. Ẹni tó kọ pé iṣẹ́ náà pọ̀ jù kò tíì sọ nǹkan kan. Ní tèmi, aṣọ kan ń yọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá; ó di 6 láàárín ìṣẹ́jú kan, 360 láàárín wákàtí kan, bí a bá sì yọ àkókò ìsinmi kúrò tí wákàtí 10 ṣẹ́ kù, ó di 3,600 lójúmọ́, tí àtàǹpàkò kan náà ń di etí gbígbóná mú. Wákàtí 11 ni a ń lò níbẹ̀ lójúmọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 66. Nínú àdéhùn àkọ́kọ́ tí ILO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, ṣe ní ọdún 1919, wákàtí 8 lójúmọ́ àti 48 lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n fún iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Mo to òǹkà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ìtàn mi, n kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan lé e. Ti owó náà, wákàtí ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, torí iye owó a máa yí padà, òǹkàwé tó bá wà ní ìgbà mìíràn tàbí ilẹ̀ mìíràn kò sì ní mọ bó ṣe kéré tó. Wákàtí mélòó ni ẹ ní láti ṣiṣẹ́ kí owó bàtà kan tó pé? Ọjọ́ mélòó nínú oṣù ni owó ilé ń gbé lọ?

Nísinsìnyí ni ẹ lè wá fàbọ̀ sórí ọ̀gá. Ìlànà tí mo fi lélẹ̀ fún ara mi ni pé n kò ní kọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìwà rẹ̀, ohun tó ṣe tí mo fi ojú rí ni n ó kọ, mo sì gbọ́dọ̀ kọ ó kéré tán ohun kan tí kò bá ìbínú mi mu. Alábòójútó tó ń ka ìṣẹ́jú wa yẹn, mo rí i lẹ́ẹ̀kan níwájú ilẹ̀kùn ọ̀gá àgbà pẹ̀lú ìwé náà lábíyá, tó ń nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ṣòkòtò kí ó tó kan ilẹ̀kùn. Èyí kò dá a láre lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n mọ̀ pé òun kọ́ ló fi rúlà fa ìwé náà, ó sì jẹ́ kí n mọ ibi tó yẹ kí n máa wò.

Èyí tó le jù láti kọ ni apá tiwa níbẹ̀. Kò sí iṣẹ́ búburú tí ènìyàn ṣe fún oṣù púpọ̀ tí kò ní ibi tí òun náà ti fọwọ́ sí nǹkan kan: ó rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́, ó fi ẹlòmíràn sùn, ó kọ́ ọmọ tuntun bí yóò ṣe máa tan oníbàárà. Bí ẹ bá kọ ojú ìwé mẹ́wàá tí ẹ kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, òǹkàwé tó bá ní làákàyè kò ní gba mẹ́sàn-án yòókù gbọ́. Àwọn mìíràn sì wà tí tiwọn yàtọ̀. Wọ́n ń ṣiyèméjì bóyá ìyà tó jẹ wọ́n tó ohun tí a ń kọ, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ ọ́. Nínú Àdéhùn 190 tí àjọ ILO kan náà ṣe ní ọdún 2019 nípa ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́, wọ́n sọ ọ́ kedere pé yálà ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí léraléra, ó jẹ́ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fàyè gbà.

Ohun díẹ̀ láti ṣọ́ra fún

Ẹ pa orúkọ dà kí ẹ tó fi ìtàn náà han ẹnikẹ́ni, kì í ṣe orúkọ ènìyàn nìkan, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú, àti àmì tí a fi lè dá a mọ̀. Ẹni tí a kọ ohun búburú nípa rẹ̀ lè peni lẹ́jọ́, bí ẹ bá sì ti fọwọ́ sí ìwé nígbà kan pé ẹ kò ní sọ ohun tó ń lọ níbẹ̀, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó gbé ìtàn náà jáde. Àwọn tí a jọ jìyà náà ni mo tilẹ̀ ń rò jù. Màmá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò rán mi níṣẹ́ pé kí n sọ iye ìṣẹ́jú tí òun ń lò, nítorí náà n kò kọ ọ́ síbì kankan.

Kíkọ irú nǹkan báyìí lè wúwo. Ní ọdún 1986, James Pennebaker àti Sandra Beall, àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ọkàn, tẹ ìwádìí kan jáde níbi tí wọ́n ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé fún ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin léraléra. Àwọn tó kọ nípa ohun tó dùn wọ́n jù láyé wọn, tí wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe rí lọ́kàn wọn, banú jẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n kọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n ní àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e, wọn kò lọ sí ilé ìwòsàn ilé-ẹ̀kọ́ náà tó àwọn tó kọ nípa ohun tí kò ṣe pàtàkì. Mo mú ohun méjì lò níbẹ̀: pé kí n máa fi aago dé ara mi lọ́wọ́, kí n má ṣe jókòó tì í láti àárọ̀ di ọ̀gànjọ́, àti pé kí ìbànújẹ́ ọjọ́ kìíní má mú mi rò pé mo ń ṣe é lódì. Bí ó bá jẹ́ pé oorun kò wá mọ́, tàbí tí ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹ pa ìwé náà dé, kí ẹ bá ẹni tó mọ̀ nípa ìtọ́jú ọkàn sọ̀rọ̀. Ìtàn náà kò ní sá lọ.

Bí ó bá sì jẹ́ ìrántí ẹlòmíràn ni ẹ fẹ́ gbà sílẹ̀, ẹ má ṣe bi í pé kí ló burú jù nínú iṣẹ́ náà, torí gbólóhùn mẹ́ta tí mo mẹ́nu kàn níbẹ̀rẹ̀ yẹn ni yóò tún sọ. Ẹ bi í ní ohun tó kọ́kọ́ máa ń rí bí ó bá ṣílẹ̀kùn, kí ẹ sì ní kí ó fi ọwọ́ ṣe bí ó ṣe ń ṣe é hàn yín. Bí ó bá dákẹ́, ẹ dákẹ́. Ẹ má ṣe fi ti yín kún un pé tèmi tún burú ju ìyẹn lọ. Mo ti ba ìtàn dáadáa méjì jẹ́ báyìí, n kò sì rí wọn gbọ́ mọ́.

Ó kù kí a sọ ibi tí ìtàn náà yóò ti dúró. Ó máa ń wu àwọn ènìyàn láti parí rẹ̀ sí ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́, pé ìyà náà ló sọ àwọn di ènìyàn. Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ ó fi ọmọ yín sẹ́nu iṣẹ́ kan náà kí òun náà lè kọ́ ọ. Ó dára jù kí ẹ dúró sí ọjọ́ ìkẹyìn, sí ohun tí ọwọ́ ṣe kẹ́yìn. Ní ọjọ́ tí mo kúrò ní ilé ìfọṣọ yẹn, n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi tán, mo mi orí sí ẹni tó wà níwájú mi, mo lọ síbi ìwé náà, mo kọ orúkọ mi sí i, mo kọ àkókò tí mo jáde, mo sì fi àyè kẹta sílẹ̀ lófìfo. Kọ́kọ́rọ́ wà lára ìṣó níbi tó wà. N kò fọwọ́ kàn án.